Ìdí tí a fi ń mú ẹyẹ, tí a sì tún ń tú u sílẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, létí igbó kan lẹ́yìn Mọ́níyà, bàbá ọdẹ kan dúró tì mí bí mo ṣe ń tú ẹyẹ kékeré kan kúrò nínú àwọ̀n. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n tán, tí mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, tí mo sì la ọwọ́ kí ó máa lọ, bàbá náà mirí, ó ní: “Ọmọ mi, ṣé ebi ò pa ọ́ ni?” Mo ní, “Ebi ń pa mí, Bàbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí oúnjẹ ni mo ṣe mú un.” Mi ò rò pé àlàyé mi tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ṣe é dáadáa níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ẹyẹ mẹ́ta tó jẹ́ irú kan náà ni ẹ rí lórí igi lánàá, tí ẹ sì tún rí mẹ́ta lónìí. Ṣé mẹ́ta ni gbogbo wọn ni, tàbí mẹ́fà? Ojú lásán kò lè dáhùn, bó ti wù kí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn dára tó. Òrùka tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ ló lè dáhùn. Olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Denmark, Hans Christian Mortensen, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹyẹ lọ́dún 1899, ọ̀nà náà ni a sì ń tọ̀ títí di òní.

Àwọ̀n tí a ń lò dúdú, ó sì fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá nà án sáàárín òpó méjì níbi tí òjìji igi wà, ẹyẹ kì í rí i. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Japan ti ń fi irú rẹ̀ dẹ ẹyẹ jẹ tipẹ́tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ ẹyẹ tó yá a lọ́wọ́ wọn. Ìdájí ni a máa ń ta á, a kì í sì í jẹ́ kí ó ju ìdajì wákàtí lọ kí a tó tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí oòrùn àti èèrà lè ṣe ẹyẹ tó há léṣe. Bí òjò bá ti ṣú, a ó ká a kíá.

Bí ẹyẹ bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, àárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni a ó fi ọrùn rẹ̀ sí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wà ní àtẹ́lẹwọ́. A kì í fún un, torí pé ẹni tó bá fún àyà ẹyẹ ti dí i ní èémí. (Ẹ̀gà nìkan ni kì í mọ inúure: bí ó ṣe mọ ariwo í pa lórí ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ló mọ ìka í gé jẹ.) A ó fi òrùka alumíníọ́ọ̀mù fífúyẹ́ sí i lẹ́sẹ̀, a ó wọn apá rẹ̀, a ó sì fi ẹnu fẹ́ ìyẹ́ ikùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Bí awọ ibẹ̀ bá pá, a jẹ́ pé ó ń sàba lé ẹyin, irú èyí ni a sì kọ́kọ́ ń tú sílẹ̀.

Kòtò ọrùn ni mo fẹ́ràn jù láti wò. Garden Warbler, ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù wá sá òtútù lọ́dọ̀ wa, kì í sábà ju gíráàmù 20 lọ. Ṣùgbọ́n bí àkókò àtipadà bá dé ní nǹkan bí Oṣù Kẹrin, tí ẹ bá fẹ́ ìyẹ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀rá tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ awọ, tó kún kòtò náà bámúbámú. Ìwọ̀n rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀rá yẹn ni yóò fi la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, inú igbó àti ọgbà eléso wa ló sì ti jẹ ẹ́.

Ní ti ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, Ibadan Malimbe, ìbátan ẹ̀gà tí orí rẹ̀ pupa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta-àbí-mẹ́fà yìí kì í ṣe eré. J. H. Elgood ti Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ló kọ̀wé fi í han ayé lọ́dún 1958. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló ń gbé. Kò sí i níbòmíràn. Igbó tó ṣẹ́kù nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wà lára ibi tí a ti ń rí i. Ẹyẹ tí igbó rẹ̀ ti di ilé àti oko báyìí, àṣìṣe kékeré nínú kíkà rẹ̀ lè mú kí a rò pé ó ṣì pọ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra àwọ̀n o. Iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ àti ẹ̀kọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni dáadáa wà ní Laminga, lẹ́bàá Jos. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ tó ní òrùka lẹ́sẹ̀, ẹ da gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ kọ, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì mú un lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ó bá wà láàyè, ẹ ka ohun tó wà lára òrùka náà, kí ẹ jẹ́ kí ẹyẹ náà lọ tòun ti òrùka rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé kànnàkànnà àwọn ọmọ yín ló pa á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìfi pamọ́. A kò ní bá wọn jà, ohun tó pa ẹyẹ wà lára ohun tí a ń kọ sílẹ̀.