Bí dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn ṣe ń gbé ọrùn rẹ̀

Ọrùn àgùnfọn, bó ti wù kó gùn tó, kì í sábà ju mítà 2.4 lọ. Ti Mamenchisaurus, dáínósọ̀ ajewéko kan tó gbé ilẹ̀ Ṣáínà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 160 ọdún sẹ́yìn, tó nǹkan bíi mítà 15. Báwo ni ara ṣe ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀?

Orí ni ká kọ́kọ́ wò. Àwọn dáínósọ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní sauropod, kì í rún oúnjẹ. Ẹran tó bá ń rún ewé, bíi màlúù tàbí erin, gbọ́dọ̀ ní eyín ńlá, àgbọ̀n tó ki àti iṣan tó máa gbé e, ọrùn ni gbogbo rẹ̀ sì ń wúwo lé. Ká ní ọrùn erin gùn tó mítà 15 ni, orí á fà á ṣubú. Eyín tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú ẹnu nìkan ni Diplodocus, ọ̀kan lára àwọn sauropod, ní: á fi ya ewé, á gbé e mì. Eyín náà ń tètè jẹ, ṣùgbọ́n òmíràn ti wà nísàlẹ̀ tó ń dúró de àyè. Nǹkan bí ọjọ́ 35 ni eyín kan ń lò kí tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Ti Nigersaurus, tí wọ́n hú eegun rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger, ò ju ọjọ́ 14 lọ.

Iṣẹ́ tí ẹnu ò ṣe, ikùn ló kù fún. Kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ló ń fi sùúrù tú ewé líle náà palẹ̀, ìdí nìyẹn tí ikùn fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti sọ rí pé òkúta tí wọ́n gbé mì ló ń bá wọn lọ̀ ọ́, àmọ́ òkúta tí wọ́n ń rí láàárín eegun wọn kéré jù fún iṣẹ́ yẹn.

Eegun ọrùn wá ńkọ́? Méje péré ni tèèyàn, méje náà ni ti àgùnfọn. Ti Mamenchisaurus tó 18 tàbí 19. Bí wọ́n bá gé ọ̀kan lára rẹ̀ wò, ihò ló kún inú rẹ̀ bí afárá oyin, ògiri tín-ín-rín ló là wọ́n láàárín. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú ihò wọ̀nyẹn nígbà tí ẹran náà wà láàyè, láti inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ tó so mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, bó ṣe rí lára ẹyẹ lónìí.

Àpò yẹn tún yanjú ìṣòro mìíràn. Nínú ọ̀nà èémí tó gùn tó bẹ́ẹ̀, èémí tó ti lò tẹ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ fà padà sínú. Àpò afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó lè fa èyí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí afẹ́fẹ́ tútù sì máa gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá láìdáwọ́ dúró.

Èrè rẹ̀ ni pé ẹran tó wúwo tó ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù lè dúró sójú kan, kí ọrùn nìkan máa rìn káàkiri ibi tí ewé wà. Bóyá ọrùn náà máa ń nà sókè tàbí síwájú ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé, torí títi ẹ̀jẹ̀ gòkè tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré fún ọkàn. Èrò tó bọ́gbọ́n mu ni pé kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jẹun. Giraffatitan, tí wọ́n hú ní Tendaguru ní Tanzania láàárín 1909 sí 1913, tó sì wà ní ìdúró ní Berlin báyìí, ní ẹsẹ̀ iwájú tó gùn ju tẹ̀yìn lọ, orí igi sì lojú rẹ̀ wà. Ẹnu Nigersaurus ní tiẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ, ewéko ilẹ̀ ló sì bá mu.