Ọkọ̀ Tó Kún, Ọkọ̀ Tó Ṣófo: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Dídá Wọkọ̀ Lóru ní Àjàṣẹ́

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Kútọnu tí mo sì ń padà wá sùn sí Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, àmọ́ lójú ẹni tó dá wà lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ó lè jìnnà ju Ṣábẹ lọ. Àwọn àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Kútọnu ti bi mí ní àwọn ìbéèrè kan léraléra. Mo kó wọn jọ síhìn-ín, mo sì fi ohun tí ojú mi ti rí dá wọn lóhùn.

Ìbéèrè: Bí takisí méjì bá wà níwájú mi lóru, tí èrò mẹ́rin ti wà nínú ọ̀kan, tí èkejì sì ṣófo, èwo ni kí n wọ̀?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí ló máa ń rú èèyàn lójú jù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sá fún ọkọ̀ tó ṣófo, wọn yóò ní ènìyàn mẹ́rin kò lè jókòó kí wọ́n máa wòran bí aburú bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bí àwọn mẹ́rin náà kò bá ti mọ ara wọn rí. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ nípa ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní wan-ṣáàǹsì: awakọ̀ àti àwọn tó pe ara wọn ní èrò jọ jẹ́ ẹgbẹ́ olè kan náà ni, àyè kan ṣoṣo ló sì kù nínú ọkọ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ dè yín. Nítorí náà, iye orí tó wà nínú ọkọ̀ kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Ọ̀nà tí àwọn orí náà gbà débẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ọkọ̀ tó kún ní ibùdókọ̀, níbi tí ẹni tó ń pe èrò ti ń kígbe orúkọ ìlú, tí àwọn awakọ̀ ń tò tẹ̀ lé ara wọn, tí ojú yín sì rí i bí èrò kọ̀ọ̀kan ṣe wọlé, ó ṣe é wọ̀. Ọkọ̀ tó ti inú òkùnkùn yọ sí yín létí títì, tí àyè ẹyọ kan kù nínú rẹ̀, tí awakọ̀ sì ń dín owó kù kí ẹ tó béèrè, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú. Èrò gidi máa ń ní ẹrù: àpò gàrí, agbọ̀n tòmátì, báàgì ọmọ iléèwé, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Bákan náà, nínú takisí ilẹ̀ wa tí wọ́n ń fún ènìyàn mẹ́fà mọ́ inú ọkọ̀ ẹni márùn-ún, ẹnì kan kò ní ṣàì máa ráhùn pé ìgbúnwọ́ ẹlòmíràn ń gún òun. Bí ọkùnrin mẹ́rin bá jókòó gbáko lọ́gànjọ́ láìní ẹrù, tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn, tí gbogbo wọn sì yíjú wò yín lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ní ẹ ti gbàgbé nǹkan sílé, kí ẹ sì padà sẹ́yìn.

Ní ti ọkọ̀ tó ṣófo, bí ó bá wà lórí ìlà ní ibùdókọ̀ tí ẹni tó ń pe èrò sì mọ awakọ̀ náà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kí ẹ ṣáà dúró níta títí èrò kejì tàbí ẹ̀kẹta yóò fi dé. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ jókòó.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n jókòó sí?

Ìdáhùn: Ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní ilẹ̀ Benin, nítorí náà ilẹ̀kùn yẹn máa ń ṣí sí etí ọ̀nà, kì í ṣe sí àárín títì. Ẹni tó jókòó sáàárín, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, ti di ẹrù àwọn ẹni méjì.

Kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn, ẹ fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń ṣí i láti inú. Ọ̀pọ̀ takisí wa ti gbó: irin kékeré tí wọ́n fi ń yí gíláàsì wálẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ọkọ̀, tí awakọ̀ yóò máa yọ ọ́ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀ fún ẹni tí ooru bá mú. Ìyẹn kì í ṣe àmì olè, ogbó ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kò ṣe é ṣí láti inú rárá, yálà ó bàjẹ́ ni o tàbí wọ́n tì í ni o, kò yẹ kí ẹ tì í mọ́ ara yín lóru.

Ìbéèrè: Ṣé sémíjàn, alùpùpù akérò, kò wá dára ju takisí lọ, nígbà tó jẹ́ pé èmi àti awakọ̀ nìkan ni?

Ìdáhùn: Nínú ìlú, fún ọ̀nà kúkúrú, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó wà lórí alùpùpù lè kígbe kí ayé gbọ́, ó sì lè sọ̀kalẹ̀ níbi tí alùpùpù bá ti rọra. Èdè Fọ̀n ni orúkọ náà, ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbé mi kíákíá, ibi kíákíá yẹn gan-an ni ewu rẹ̀ sì wà lóru, nígbà tí ọ̀nà bá dá tí awakọ̀ sì rò pé òun nìkan ló ni ín. Àṣíborí tí a dè dáadáa máa ń dín ewu ìpalára orí kù ní nǹkan bí ìpín 69 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníwádìí ìlera ti ṣírò rẹ̀. Síbẹ̀ ẹyọ kan ni awakọ̀ sábà máa ń ní, orí tirẹ̀ ló sì ń dé e sí. Ẹni tó ń gun sémíjàn ní alaalẹ́, kí ó ra tirẹ̀.

Ní Kútọnu, ẹ̀wù pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè ni wọ́n ń wọ̀, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà náà sókè sínú fóònù kí ẹ tó gùn ún, ní ohùn pẹ̀lẹ́, kí awakọ̀ gbọ́: "Mo ti rí sémíjàn, nọ́ńbà ẹ̀wù rẹ̀ nìyí." Ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i. Ẹni tí kò wọ ẹ̀wù náà, tó sì ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ sílé ni, ẹ dúró de òmíràn. Ní Kútọnu kan náà, áàpù Gozem tí wọ́n fi ń pe alùpùpù àti takisí máa ń fi orúkọ awakọ̀ hàn yín kó tó dé, èyí wúlò fún ẹni tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Báàgì yín ńkọ́? Àárín yín àti ẹ̀yìn awakọ̀ ni kí ó wà, kí ẹ má gbé e kọ́ èjìká tó kọjú sí títì, nítorí àwọn tó ń fi alùpùpù jágbà.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n máa fi ibi tí mo wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́?

Ìdáhùn: Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ẹ fi í ránṣẹ́ sí bá wà lójúfò. WhatsApp yóò bi yín bóyá ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8 ni ẹ fẹ́ kí ẹni náà fi máa rí yín. Láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́, ẹ má mú ìṣẹ́jú 15, yóò tán kí ẹ tó kọjá Sèmè. Fóònù gbọ́dọ̀ ní dátà àti iná pẹ̀lú, nítorí náà ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù láti ìrọ̀lẹ́.

Èmi kò fi gbogbo ọkàn tán an. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kọ sí àbúrò mi kí n tó wọkọ̀ láti Dantokpa ní Kútọnu lọ sí Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ ni mo gbẹ́kẹ̀lé jù: "Mo wọ takisí ní Dantokpa ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ńbà ọkọ̀ nìyí. Màá dé Wàǹdó ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí o kò bá gbúròó mi títí di aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, pè mí." Aago tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣe iṣẹ́. Láìsí i, àbúrò mi yóò kàn máa dúró, kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí àyà òun já.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti dé ìlú mi láyọ̀, ṣé ewu kò ti tán?

Ìdáhùn: Níbẹ̀ gan-an ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lójú tèmi. Nínú oṣù kejìlá ọdún 2024, awakọ̀ kan tó ti gba owó Wàǹdó lọ́wọ́ mi já mi sílẹ̀ kí a tó débẹ̀, ó ní bẹntiróòlù òun ti fẹ́ tán. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni. Mo fa fóònù yọ láti pe sémíjàn tó máa ń gbé mi délé, kò lọ. Mo tún un pè, kò lọ. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni nọ́ńbà fóònù ilẹ̀ wa ti kúrò ní mẹ́jọ tó di mẹ́wàá, tí wọ́n fi 01 síwájú, èmi kò sì tíì tún tirẹ̀ kọ. Àyà mi ń lù débi pé ó pẹ́ kí n tó rántí. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú fóònù tó ń tàn sí mi lójú, bí ẹni tó ń polówó ara rẹ̀ fún olè.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe sémíjàn mi kí n tó kúrò ní Kútọnu, kó lè mọ̀ pé mò ń bọ̀ kí n tó dé. Mo sì ti fi ojú wá àwọn ibi tí ènìyàn máa ń wà lóru lójú ọ̀nà mi: ilé oògùn tí iṣẹ́ alẹ́ kàn, kafetéríà tí wọ́n ti ń dín ẹyin sínú búrẹ́dì, tábìlì ẹni tó ń ta kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, nínú ìgò pẹ̀lú àtùpà rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń tẹ̀ lé yín, ẹ má darí sílé, kí ó má bàa mọ ilé. Ẹ yà síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ kí wọn, kí ẹ ra nǹkan ọgọ́rùn-ún sẹ́fà, kí ẹ sì pe ẹni tí yóò wá mú yín níbẹ̀.

Ìbéèrè: Kétu ni mò ń lọ, àbúrò mi sì wà ní Ṣábẹ. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá. Lójú ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju olè lọ. Ẹni tó ń gba Sákétè àti Pòbẹ̀ lọ sí Kétu, tí ilẹ̀ sì ṣú u ní Pòbẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó wá ibi sùn síbẹ̀, kí ó má wọ ọkọ̀ tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kún ẹ̀yìn rẹ̀, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ́ọ́kú. Ẹ kò ní gbàgbé iná kpayo tó jó ní agbègbè Sèmè nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tó pa ju ọgbọ̀n ènìyàn lọ. Ṣábẹ ní tirẹ̀ wà lójú títì ńlá tó ń lọ sí Parakou. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kọlu ara wọn lójú títì yìí kan náà, ní Dasà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ lọ́nà tó fi jẹ́ pé òru ni yóò já àbúrò yín sílẹ̀, kí ó bẹ awakọ̀ kó já a síbi tí èrò mìíràn náà ti ń sọ̀, kí ó sì dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Òkè Ṣábẹ kò ní sá lọ.

Ìbéèrè: Bí awakọ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ béèrè, nítorí ó lè jẹ́ pé ó ń sá fún kòtò. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní ẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbi tí iná tàbí ènìyàn bá ti wà, kí ẹ sì pe 117, nọ́ńbà ọlọ́pàá. 118 ni ti àwọn panápaná, bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ̀bẹ, ẹ fi fóònù àti owó sílẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ìwọ̀sí fún awakọ̀ ọmọlúàbí, kí n máa ka nọ́ńbà rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó máa ń ti èmi náà lójú nígbà àkọ́kọ́. Sémíjàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Ó ní ọmọbìnrin méjì ni òun bí, òun sì ti kọ́ wọn láti máa ka nọ́ńbà gbogbo ẹni tó bá gbé wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ òun. Bí ó bá gbé mi délé, kì í pa iná alùpùpù rẹ̀. Ó máa ń tan án sí ara ilẹ̀kùn, kí n lè rí ojú kọ́kọ́rọ́, ó sì máa ń dúró bẹ́ẹ̀ títí màá fi ti àgádágodo láti inú.