Àkújí ẹ́ńjìnì: iná ló já ni, tàbí epo ni kò dé?

Peugeot 504 àtijọ́ kan lè gbéra láti Kétu ní ilẹ̀ Benin, kó kú lójijì kó tó dé Pobè, kó sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, kó sì jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ara rẹ̀ á ti yá. Àkújí là ń pe irú kíkú bẹ́ẹ̀ níbí: ó ń wá, ó ń lọ, kì í dúró de ẹni tó fẹ́ wò ó. Òun ló ń mú kí èèyàn pààrọ̀ kabúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́), bùjí (pílọ́ọ̀gì, tó ń ta iná sí epo inú ẹ́ńjìnì) àti bátìrì papọ̀, kí owó lọ, kí àìsàn ṣẹ́ kù.

Bó ṣe kú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rántí. Bó bá kú fíì, bí ìgbà tí wọ́n pa fìtílà, iná ló sábà máa ń já. Bó bá ń ta gìrì, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ tí kò lágbára, kó tó dákẹ́, epo ni kò dé.

Ojú ibi tó kú sí ni àyẹ̀wò wà. Ẹ má jẹ́ kó tutù. Ẹ yọ bùjí kan, ẹ ti wáyà bọ̀ ọ́ padà, ẹ gbé irin ara rẹ̀ lé irin ẹ́ńjìnì, kó jìnnà sí epo. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà náà, torí iná ibẹ̀ ju 10,000 fóltì lọ. Kí ẹnìkejì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná búlúù bá ń ta pá-pá, ẹ fi iná sílẹ̀, ẹ wá epo lọ.

Bí kò bá ta, bọ̀bínì lẹ kọ́kọ́ fura sí (kọ́ìlì ni wọ́n ń pè é ní Nàìjíríà; òun ló ń sọ iná bátìrì di iná ńlá tí bùjí ń ta). Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ á fẹ̀ nígbà tó bá gbóná, ibi tó ti sán á là. Tó bá tutù, á tún pàdé. Nítorí náà, ẹni tó wọ̀n ọ́n ní tútù á ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi tútù wé e, kí omi má kan orí rẹ̀. Bí iná bá padà, òun ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo kọ́ńdénsà (àgolo kékeré tí kì í jẹ́ kí iná máa jó ẹnu kọ́ńtáàtì), àti àlàfo kọ́ńtáàtì (irin méjì tó ń ṣí tó ń pa dé) inú dẹ́lkò, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn bùjí. Àlàfo náà ló yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.4. Ẹ mi kọ́kọ́rọ́ àti wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ náà. Wọ́n máa ń tú láìsọ fúnni.

Ní ti epo, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bó bá fa afẹ́fẹ́ fùù, tí ọkọ̀ sì jí lẹ́yìn náà, ihò kékeré inú ìdérí náà ló dí: epo ń jáde, afẹ́fẹ́ ò wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí fíltà afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹ ẹsẹ̀ epo. Bí epo ò bá tọ sẹ́nu kabúrétọ̀, inú rẹ̀ gbẹ. Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì lè jẹ́ okùnfà: á lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù nígbà tí epo ń fà, á já bọ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró.

Ẹni tó ń ra kpayo (epo fàyàwọ́ inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà), kó bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi wúwo ju epo lọ. Ìsàlẹ̀ ni yóò sùn sí, ẹ ó rí ìlà tó pín wọn. Tí páìpù epo bá sì súnmọ́ páìpù èéfín, epo inú rẹ̀ á hó, á di atẹ́gùn, pọ́ńpù ò ní lè fà á. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ooru, kẹ́ ẹ fi nǹkan tí kì í jóná so ó sí ibòmíràn.