Bí A Ṣe Wá Mọ Ohun Tó Ń Wọ Àárín Ewé Amọ̀

Ìyẹ̀fun bentonite ni àwọn tó ń gbẹ́ bóhóòlù ní Èbúté-Mẹ́ta àti ní Muṣin máa ń pò mọ́ omi kí iyanrìn má baà ya dí ihò tí wọ́n ń gbẹ́. Ẹfun sì ni àwọn ìyá tó ń ta egbòogi lọ́jà máa ń kó sínú igbá wọn. Amọ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Mo ti fi ṣíbí bentonite kan sínú ife omi rí, mo sì fi ẹfun sínú òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹfun ti rọ̀, ó ti sùn sí ìsàlẹ̀ ife, omi orí rẹ̀ sì ti tòrò. Bentonite ní tirẹ̀ ti wú, ó ń yọ̀ bí ilá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rin.

Inú ara wọn ni ìyàtọ̀ náà wà. Ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tò lé ara wọn bí ojú ìwé ni amọ̀ méjèèjì, ewé kọ̀ọ̀kan kò sì nípọn tó 1 nánómítà, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìdá mìlímítà kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú bentonite ni montmorillonite, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Montmorillon ní ilẹ̀ Faransé sọ ní ọdún 1847. Ewé rẹ̀ ní agbára iná mànàmáná òdì (negative), nítorí pé magnéṣíọ̀mù ti gba ipò alumíníọ̀mù níbì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀; sódíọ̀mù tàbí kálíṣíọ̀mù ló máa ń jókòó sáàárín ewé méjì láti pẹ̀tù sí òdì náà, nǹkan mìíràn sì lè lé wọn dìde níbẹ̀. Ewé ẹfun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iná kankan lára. Haidirójìn ni wọ́n fi so mọ́ra wọn pinpin.

Ọ̀rọ̀ oko ni ìtàn náà kọ́kọ́ jẹ́. Ní ọdún 1850, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, H. S. Thompson àti J. T. Way rí i pé bí omi tó ní iyọ̀ amóníà bá gba inú erùpẹ̀ kọjá, erùpẹ̀ a gba amóníà sílẹ̀, a sì tú kálíṣíọ̀mù jáde dípò rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé pààrọ̀ wáyé, ṣùgbọ́n wọn kò lè rí ibi tó ti wáyé. Ó di ìgbà tí Max von Laue fi X-ray wo kírísítálì ní ọdún 1912, tí baba àti ọmọ Bragg sì sọ ọ́ di òṣùwọ̀n àlàfo, kí ẹnikẹ́ni tó lè wọn àárín ewé amọ̀. Ní ọdún 1933, ní Jámánì, Hofmann, Endell àti Wilm rí i pé bí omi ṣe ń wọlé ni ewé montmorillonite ń súnra sẹ́yìn.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni C. R. Smith fi hàn pé mólékù oníkábọ̀ọ̀nù pàápàá lè lé sódíọ̀mù kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ láàárín ewé. Gieseking fi X-ray jẹ́rìí sí i ní ọdún 1939; ní ọdún 1941, Hendricks sọ pé kì í ṣe iná nìkan ló ń di mólékù ńlá mú, ara rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ojú ewé náà wà níbẹ̀.

Lójú tèmi, iṣẹ́ John W. Jordan ní ọdún 1949 ló dùn jù. Ó kó àwọn mólékù tó ní orí amóníọ́ọ̀mù kan náà (orí yìí ló ń gba ipò sódíọ̀mù), tí ìrù kábọ̀ọ̀nù wọn sì gùn ju ara wọn lọ, láti orí ìrù kúkúrú títí dé oníkábọ̀ọ̀nù 18, ó sì fi wọ́n sáàárín ewé bentonite lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìrù náà nàró ni, gbogbo kábọ̀ọ̀nù tí a bá fi kún un ni ìbá máa fẹ àlàfo náà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàfo náà dúró sí nǹkan bí 1.36 nánómítà fún ọ̀pọ̀ ìrù, lẹ́yìn náà ló fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí nǹkan bí 1.76. Nǹkan bí 0.4 nánómítà tó fi fò yẹn gan-an ni ìnípọn ìrù tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ńṣe ni wọ́n sùn bí ẹní tí a tẹ́. Nígbà tí ìrù gùn ju àyè ilẹ̀ lọ, wọ́n tẹ́ ẹní kejì lé ti àkọ́kọ́. Amọ̀ tí wọ́n ṣe báyìí kò fẹ́ràn omi mọ́, inú epo ló ti ń wú, òun náà ni wọ́n sì ń fi ki gíríìsì àti ọ̀dà olóròóró, kí àwọ̀ má baà sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agolo.

Armin Weiss, ní Jámánì, fi kún un ní ọdún 1963 pé bí iná ewé bá pọ̀, tí mólékù sì há mọ́ra, kò ní sáyè àtisùn. Ìrù á dìde ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Òun àti Lagaly wá yí ọ̀rọ̀ náà padà: wọ́n ń wọn àlàfo láti fi ka iye iná tó wà lára amọ̀.

Ẹfun náà kò fi gbogbo ara sé ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1961, Wada, ará Japan, lo iyọ̀ potásíọ̀mù ásítéètì fún irú amọ̀ yìí, àlàfo rẹ̀ sì kúrò ní nǹkan bí 0.72 nánómítà, ó di nǹkan bí 1.4, nítorí pé ásítéètì mọ bí a ṣe ń gba haidirójìn mọ́ ewé lọ́wọ́.

Àwòrán tí wọ́n ń yà látìgbà náà máa ń mú ìrù tọ́ ṣánṣán bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. Vaia, Teukolsky àti Giannelis fi ìtànṣán infrared wò ó ní ọdún 1994, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ìrù náà ti lọ́, wọ́n ti ká, wọ́n sì ń rìn bí nǹkan olómi láàárín ewé méjì tí kò mira.