Ascenseur pour l'échafaud (fíìmù Louis Malle, 1958)

Ascenseur pour l'échafaud ni fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun tí Louis Malle ṣe ní Paris lọ́dún 1957, oṣù kìíní ọdún 1958 ló sì dé ilé sinimá ní ilẹ̀ Faransé. Ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni "lífíìtì tó ń gbéni lọ síbi tí wọ́n ti ń bẹ́ni lórí", torí láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rọ ìbẹ́nilórí ni ìjọba Faransé fi ń pa apààyàn, ọdún 1981 ni wọ́n tó fòpin sí i. Àwọn ará Britain mọ̀ ọ́n sí Lift to the Scaffold, ará Amẹ́ríkà ń pè é ní Elevator to the Gallows. Ìtàn ìfẹ́ ni, ìtàn ìpànìyàn náà sì ni, àmọ́ ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé àwọn olólùfẹ́ méjèèjì tí gbogbo wàhálà yìí tìtorí wọn ṣẹlẹ̀ ò fojú kanra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, látìgbà tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi parí.

Florence Carala, tí Jeanne Moreau ṣe, ni ìyàwó Simon Carala, olówó kan tó ń ta ohun ìjà. Julien Tavernier, tí Maurice Ronet ṣe, ń bá ọkọ ẹ̀ ṣiṣẹ́, òun náà sì ni àlè ẹ̀. Orí fóònù la ti kọ́kọ́ bá wọn, Florence ń sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n sì ti jọ pinnu pé kí Julien lọ pa ọkọ ọ̀hún. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí iṣẹ́ fẹ́ parí, Julien ju okùn oníkọ́ọ̀kì sókè, ó gba ara ilé gùn dé àjà tó wà lórí tiẹ̀, ó yìnbọn pa ọ̀gá ẹ̀, ó wá tò ó bíi pé ọkùnrin náà ló para ẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá àwọn yòókù jáde bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ti dé ìdí mọ́tò kó tó gbójú sókè, tó rí okùn ẹ̀ tó ṣì ń fì dirodiro lára ilé. Ló bá sáré padà, ó wọ lífíìtì, mégáàdì tí ò mọ̀ pé èèyàn wà nínú ẹ̀ pa iná, ó tilẹ̀kùn, ó gba ilé lọ. Bí Julien ṣe há sáàárín àjà méjì nìyẹn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mọ́tò tó fi sílẹ̀ níta ò dúró dè é. Louis, ọmọkùnrin jàǹdùkú kan, àti Véronique tó ń ta òdòdó nítòsí ọ́fíìsì, gbé e sá lọ, wọ́n sì gba iwájú ibi tí Florence ti ń dúró kọjá. Ọmọbìnrin olódòdó nìkan ló rí nínú mọ́tò, ló bá gbà pé Julien ti já òun sílẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì dé mọ̀tẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n bá tọkọtaya ará Jámánì kan pàdé tí wọ́n gbé Mercedes wá, ìgbà tí Louis fẹ́ jí ìyẹn náà tí wọ́n ká a mọ́ ọn, ìbọn Julien tó wà nínú mọ́tò ló fi pa wọ́n. Ẹni tó wà nínú lífíìtì wá di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá fún ìpànìyàn tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Malle ò ju ọmọ ọdún 25 lọ nígbà náà, fíìmù ìtàn tó sì kọ́kọ́ dá darí nìyí. Kó tó dórí ẹ̀, òun àti Jacques Cousteau ti jọ ṣe Le Monde du silence, fíìmù abẹ́ òkun tó gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes, lọ́dún 1956, ó sì tún ti ṣe igbákejì fún Robert Bresson nínú fíìmù ẹlẹ́wọ̀n kan tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ wá ọ̀nà àtisá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn kedere nínú lífíìtì yẹn: ọ̀rọ̀ ò sí, ọwọ́ Julien, ọ̀bẹ kékeré àti iná ìṣáná nìkan la ń wò, ọkàn ẹni ò sì balẹ̀. Ìwé Noël Calef ni wọ́n ti mú ìtàn náà, Malle àti Roger Nimier ló tún un kọ fún sinimá.

Àmọ́ ibi tí fíìmù yìí ti rẹwà jù ni ibi tí Florence ti ń rìn kiri Champs-Élysées, òpópónà ńlá kan ní Paris, lóru, tó ń wá ọkùnrin tí ò lè rí. Henri Decaë tó mú kàmẹ́rà ò tan iná ńlá kankan sí i lójú. Ó lo fíìmù tó máa ń tètè gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n gbé kàmẹ́rà sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, iná wíńdò ṣọ́ọ̀bù nìkan ló sì ń tàn sí Moreau lójú, mékọ́ọ̀pù ò sì sí níbẹ̀. Inú àwọn tó ń fọ fíìmù náà ò dùn sí i rárá, torí ayé ò tíì máa ya gbajúmọ̀ obìnrin báyẹn. Bó bá kọjá níbi iná, ojú ẹ̀ á mọ́, tó bá tún rìn síwájú òkùnkùn á gbé e mì, ìrẹ̀wẹ̀sì ẹ̀ sì hàn ju bí ẹkún ṣe lè fi hàn lọ. Decaë yìí náà ló padà ya Les Quatre Cents Coups fún François Truffaut, ọ̀pọ̀ sì gbà pé inú fíìmù Malle yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àmì Nouvelle Vague, ìyẹn ìgbì tuntun àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe sinimá ní ilẹ̀ Faransé, tó ń bọ̀.

Fèrè Miles Davis, ará Amẹ́ríkà tó ń fọn kàkàkí jáàsì, ló ń bá Florence rìn lóru náà. Davis wà ní Paris nígbà yẹn, lóru ọjọ́ 4 mọ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1957 ló wọ sítúdíò pẹ̀lú Barney Wilen tó fọn sakisofóònù, René Urtreger lórí dùrù, Pierre Michelot lórí béèsì, àti Kenny Clarke tó lu ìlù. Wọn ò kọ orin sílẹ̀ kalẹ̀, ìwọ̀nba kọ́ọ̀dù díẹ̀ ni Davis mú wá, wọ́n ń wo àwòrán lójú ògiri, wọ́n sì ń fọn bó ṣe ń wá sí wọn lọ́kàn. Gbogbo orin inú fíìmù náà ò ju bíi ìṣẹ́jú 18 lọ, síbẹ̀ àwọn tí ò tíì wo fíìmù ọ̀hún rí ń gbọ́ orin ẹ̀ dòní. Bó ṣe fọn ún díẹ̀díẹ̀, tó ń fi àlàfo sílẹ̀, ti ń sún mọ́ ohun tó wá ṣe nínú àwo orin ẹ̀, Kind of Blue, lọ́dún 1959.

Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Louis-Delluc, tí wọ́n máa ń fún fíìmù ilẹ̀ Faransé tó dáa jù lọ́dún. Ogun ilẹ̀ Algeria ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń yà á, kì í sì í ṣe lásán ni wọ́n fi Julien ṣe sójà tó ti ja ogun Indochina àti ti Algeria, tí ọ̀gá ẹ̀ sì ń jẹun lára ogun. Lọ́dún 1958 kan náà, Malle àti Moreau tún jọ ṣe Les Amants.

Lino Ventura ló ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá tó tú gbogbo àṣírí ẹ̀. Kàmẹ́rà kékeré Julien wà nínú ẹrù tí àwọn ọmọ yẹn jí, wọ́n fi ya ara wọn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì, wọ́n sì fún mọ̀tẹ́ẹ̀lì ní fíìmù ẹ̀ kí wọ́n bá wọn fọ̀ ọ́. Fọ́tò yẹn ló yọ Julien nínú ẹjọ́ tí ò jẹ̀bi ẹ̀. Àmọ́ inú fíìmù kàmẹ́rà kan náà ni fọ́tò òun àti Florence wà, tí wọ́n dì mọ́ra, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Florence dúró sínú yàrá dúdú tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ó ń wò ó bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi, ibẹ̀ nìkan sì ni àwa náà ti rí wọn pa pọ̀.