Iná LED lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀: kí ló dé tí kì í kú tán?

Àbúrò mi kan ní Ọ̀fà ra Camry tòkunbọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pencil light. Ó ti rí iná LED, gílóòbù kéékèèké ìgbàlódé, tí mo fi ọwọ́ ara mi so sẹ́nu ilẹ̀kùn tèmi níbí ní Táńkẹ̀, Ìlọrin, tó máa ń tàn sílẹ̀ bí èèyàn bá ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní òun náà á so ó, òun ò sì ní gbé e dé ọ̀dọ̀ ríwáyà kankan. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti ń wọlé sórí fóònù mi, òru ló sì fẹ́ràn láti máa bi mí. Mo kó wọn jọ síbí, torí kì í ṣe òun nìkan ni nǹkan wọ̀nyí ń rú lójú.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti so ó tán o. Mo ti pa gbogbo ilẹ̀kùn dé, mo ti ti ọkọ̀, síbẹ̀ iná yìí ṣì ń tàn fírífírí. Ṣé ọkọ̀ ni àbí iná?

Ó ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ tí mo parí tèmi, NEPA ti mú iná lọ, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí nǹkan bíńtín kan tó ń tàn lára ọkọ̀. Mo ní tanátaná ni. Mo lọ mu omi, mo padà dé, ó ṣì wà lójú kan náà. Tanátaná wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ohun kan wà tí o ní láti kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ló wà nídìí ìdajì ohun tí o máa bi mí. Sùwíìṣì ara ògiri ilé máa ń gé iná kó tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ bíi tiwa, pọ́sítíìfù ti wà lára gílóòbù tọ̀sán-tòru. Láti bátìrì ló ti wá, ó gba ojú fíúùsì, ó sì dúró síbẹ̀. Sùwíìṣì kékeré tó yọ ṣóńṣó lára òpó ọkọ̀, tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀ wọlé, nẹ́gétíìfù ló ń ṣọ́. Bí o bá ṣí ilẹ̀kùn, ṣóńṣó náà á yọ jáde, á so wáyà mọ́ irin ara ọkọ̀, iná á rí ọ̀nà gbà jáde, á sì tàn. Ẹ̀rọ omi ni kí o fi wé: omi ti kún inú páìpù, ẹnu rẹ̀ nìkan ni a ń ṣí.

Tí ẹnu ẹ̀rọ kò bá pa dé dáadáa ńkọ́? Á máa kán. Sùwíìṣì tòkunbọ̀ ti jẹ omi àti eruku láti ìlú tó ti wá, ó tún wá jẹ eruku ọyẹ́ tiwa mọ́ ọn. Ìdọ̀tí yẹn, bó bá tutù díẹ̀, máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ yọ́ kọjá. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, àpótí kọ̀ǹpútà tó máa ń jẹ́ kí iná òrùlé kú díẹ̀díẹ̀ ló ń jò. Gílóòbù àtijọ́ kò mọ̀ pé nǹkan kan ń jò rárá, torí wáyà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kó pọ́n kó tó tàn, ẹ̀kán díẹ̀ kò sì lè mú un gbóná. LED kò nílò kó gbóná. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpíà péré ti tó o láti máa wò ọ́ bí ojú ológbò.

Wá ibi tó ti ń jò báyìí: tú síkúrúù sùwíìṣì ilẹ̀kùn yẹn, fà á jáde, yọ wáyà ìdí rẹ̀. Kí o tó yọ ọ́, fi okùn so wáyà náà o. Tèmi já bọ́ sínú òpó ọkọ̀, wákàtí kan gbáko ni mo fi ń fi wáyà háńgà ṣọdẹ rẹ̀. Bí iná bá kú pátápátá lẹ́yìn tí o yọ ọ́, sùwíìṣì ló ń jò. Fọ̀ ọ́ tàbí kí o ra òmíràn. Bó bá ṣì ń tàn, kì í ṣe ẹ̀bi sùwíìṣì. Nígbà náà, ra résístọ̀, ohun kékeré tó ń dín iná kù, 1,000 óòmù, ìdajì wáàtì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, kí o so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì iná náà. Òun ni yóò máa mu ohun tó bá kán. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áńpíà tó bá gba inú 1,000 óòmù kọjá, fólítì 1 péré ló máa gbé dúró, LED wa kò sì lè tanná pẹ̀lú fólítì 1. Má ra èyí tó kéré ju ìdajì wáàtì lọ, torí bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ó tó 0.2 wáàtì tó máa gba orí rẹ̀ kọjá, kò sì yẹ kó máa gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ pílásítíìkì.

Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tàn. Ẹyọ èyí tí mo ṣí ni mo fẹ́.

Ìdí ni pé orí wáyà kan náà tí gbogbo sùwíìṣì ti pàdé ni o lọ so wọ́n sí. Ẹni tó bá ṣí ẹnu páìpù kan ti ṣí i fún gbogbo ilé nìyẹn. So nẹ́gétíìfù iná kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí sùwíìṣì ilẹ̀kùn tirẹ̀, kí o wá fi díóòdù kan sí àárín ìdí sùwíìṣì yẹn àti wáyà àjùmọ̀lò. Díóòdù ni géètì tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná lè gbà kọjá nínú rẹ̀. 1N5408 tó ń gba áńpíà 3 ni kí o béèrè. Ìlà funfun orí rẹ̀ máa kọjú sí sùwíìṣì. Iná òrùlé ò ní yéé tàn bí o bá ṣí èyíkéyìí, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kan ò ní máa jí èkejì mọ́.

Èmi ò ṣe é o. Mo fẹ́ràn kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ tàn. Ìyàwó mi ní ó dà bí ọkọ̀ gómìnà.

Tọwọ́ ọ̀tún iwájú kì í tàn àfi bí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

O ti lọ mú pọ́sítíìfù láti ìdí sùwíìṣì gíláàsì, àbí? Mo mọ̀. Ó wà nítòsí, ọwọ́ tó o, ṣùgbọ́n iná ibẹ̀ kì í dé títí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí. Èyí tó burú jù wà lẹ́yìn. Mọ́tò gíláàsì ń jẹ iná púpọ̀, nítorí náà fíúùsì ńlá ni wọ́n fi ṣọ́ ọ. Wáyà rẹ tín-ín-rín bíi ti fóònù. Bí ó bá fara kan irin, wáyà ni yóò jó kí fíúùsì yẹn tó já. Mú pọ́sítíìfù rẹ lọ́dọ̀ iná òrùlé tàbí láti ojú fíúùsì tí wọ́n kọ DOME sí, kí o sì fi fíúùsì kékeré tìrẹ, áńpíà 1, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí o ti mú un gan-an. Kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná o. Fíúùsì tó wà ní òpin wáyà kò dáàbò bo wáyà.

Ibo ni mo máa gba wọ inú ilẹ̀kùn?

Rọ́bà dúdú tó ká kò bí ìfun tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó ọkọ̀, ibẹ̀ ni. Wáyà olókùn púpọ̀ ni kí o lò, kì í ṣe onírin kan ṣoṣo tí wọ́n ń fà sínú ilé, torí ojoojúmọ́ ni ibẹ̀ ń ká tó ń nà, onírin kan á ṣẹ́. Mo ti sípóòkì kẹ̀kẹ́ gba inú rẹ̀ lọ, mo fi téèpù so wáyà mọ́ ẹnu rẹ̀, mo fi omi ọṣẹ pa á lára, mo wá ń fà á díẹ̀díẹ̀. Dá wáyà sílẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè ṣí dé òpin. Lẹ́yìn náà yí gíláàsì wá sísàlẹ̀ pátápátá kí o tó di ohunkóhun pa, kí o lè rí ibi tó ń gbà. Wáyà tó bá wà lójú ọ̀nà gíláàsì, gíláàsì á gé e.

Pílásítíìkì ara ilẹ̀kùn ò fẹ́ jáde, mo ti fà á títí.

Dúró! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kì í ṣe pẹ̀lú ilẹ̀kùn ọkọ̀. Síkúrúù kan ṣì kù tí o kò rí, ó sábà máa ń fara pa mọ́ sábẹ́ ìdérí kékeré nídìí ibi tí a ti ń fa ilẹ̀kùn. Wá a. Ìgbà tí síkúrúù bá tán ló kan àwọn bọ́tìnnì pílásítíìkì etí rẹ̀, tí wọ́n ti gbẹ gan-an lára tòkunbọ̀. Ọ̀sán tí oòrùn ti mú kí wọ́n rọ̀ ni mo fẹ́ràn láti fà wọ́n, kì í ṣe àárọ̀ ọyẹ́. Ra bíi mẹ́wàá sílẹ̀. Èmi ṣẹ́ mẹ́rin.

Ọ̀rá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, má ya á sọ nù. Omi òjò máa ń wọ inú ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, ihò ìsàlẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Ọ̀rá yẹn ni kò jẹ́ kó wá sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ. Lẹ̀ ẹ́ padà.

Kí o sì yọ ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí wáyà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ti airbag ni, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bẹ́ jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, má fọwọ́ kàn án. Toyota ní kí èèyàn dúró fún ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ó bá yọ bátìrì kó tó ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀.

Mo ra LED alálẹ̀mọ́ tó gùn bíi bẹ́líìtì. Ṣé ibi tó bá wù mí ni mo lè gé e sí?

Rárá o. Mo gé tèmi ní ibi tó bá ihò mu, ẹyọ méjì tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ò tàn títí dòní. LED funfun kan ń fẹ́ nǹkan bíi fólítì 3. Bátìrì ọkọ̀ tó kún jẹ́ 12.6, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́ ó ń sún mọ́ 14. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to mẹ́ta-mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n fi résístọ̀ kan sí i láti gbé èyí tó kù. Ìdílé kan ni mẹ́ta yẹn. Àárín ìdílé sí ìdílé, níbi tí wọ́n ya àwòrán sísọ́ọ̀sì sí, nìkan ni kí o gé.

Kò ní pa bátìrì mi ṣá?

Wò ó báyìí. Gílóòbù ilẹ̀kùn àtijọ́ jẹ́ wáàtì 5. Mẹ́rin jẹ́ 20, áńpíà 1.7 nìyẹn. Bí o bá lọ wòlímọ̀, tí o ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́wàá kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ orin, áńpíà-wákàtí 17 nínú 60 tó wà nínú bátìrì ti lọ, bátìrì tó ti gbó sì lè má ta ọkọ̀ mọ́. LED tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì wáàtì á jẹ nǹkan bí 1.7 láàárín wákàtí mẹ́wàá kan náà. Rédíò ni kí o bẹ̀rù.

Àwọ̀ wo ni kí n lò? Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi pọ́pù sí i.

Ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ló máa wa ọkọ̀ náà. Funfun tó kọjú sílẹ̀ ló wúlò, kí o lè rí gọ́tà kí o tó gbé ẹsẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, fi pupa kékeré sí etí ilẹ̀kùn tó kọjú sẹ́yìn, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo lálẹ́ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí sójú ọ̀nà. Funfun náà máa ń ní búlúù díẹ̀ lára, má rò pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ. LED búlúù ni inú rẹ̀, ohun yẹ́lò tí wọ́n fi bò ó ló sọ ọ́ di funfun. Búlúù yẹn ló ṣòro ṣe jù: pupa ti wà láti 1962, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tó rí búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣe, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2014.

Ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ ní kí n bá òun ṣe tòun. Ọkọ̀ tuntun ni.

Má ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, inú irin tó máa ń di ilẹ̀kùn mú ni sùwíìṣì wà, kọ̀ǹpútà ló sì ń kà á. Bí o bá so iná mọ́ wáyà yẹn, fólítì 12 lè gba inú iná rẹ wọ inú kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ ò sì ní jẹ́ owó iná ilẹ̀kùn mọ́. Bí ó bá ti ní gílóòbù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pààrọ̀ gílóòbù nìkan. Bí kò bá ní, ra èyí tó ń lo bátìrì tirẹ̀, tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ó máa ń ré bọ́ nínú oòrùn, kò burú.

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Mẹ́ta tàn. Tẹ̀yìn lápá òsì ò tàn rárá. Mo ti wo fíúùsì, mo ti fọ sùwíìṣì, gílóòbù àtijọ́ sì ń tàn níbẹ̀ dáadáa.

Gílóòbù àtijọ́ kì í bèèrè ẹ̀gbẹ́ wo ni iná gbà wọlé. LED máa ń bèèrè. Yọ ọ́, yí i, kí o tún tì í bọ̀ ọ́.

Ó ti tàn o!

Ó dáa. Ó ku kí o lọ sùn. Aago méjì òru ti kọjá.