Ìmọ̀yàtọ̀ ni, kì í ṣe "ìpinnu"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ pe rẹsolúṣọ̀n kámẹ́rà, ìyẹn bó ṣe lè fi nǹkan wẹ́wẹ́ hàn tó, ní "ìpinnu"? Ìpinnu ni nǹkan téèyàn ń ṣe nígbà tọ́dún tuntun bá fẹ́ wọlé, kámẹ́rà ò pinnu nǹkan kan. Àwọn kan tún ní "ìmọ́gaara", ìyẹn sàn díẹ̀ àmọ́ kò tọ́ síbẹ̀, torí fọ́tò lè mọ́ gaara kó má sì fi nǹkan wẹ́wẹ́ kankan hàn. Ìmọ̀yàtọ̀ lèmi ń pè é o, mi ò sì ní yí i padà. Ẹnì kan ní ó ti le jù, ó dà bí Yorùbá inú ìdánwò. Ó le níbo? Ṣebí ojoojúmọ́ la ń sọ pé "mi ò mọ ìyàtọ̀ Táíwò sí Kẹ́hìndé". Ohun tá à ń bi kámẹ́rà náà nìyẹn: ìlà méjì tó sún mọ́ra, ṣé o mọ̀ pé méjì ni àbí ẹyọ kan lo rí?

Nǹkan méjì ló ń díwọ̀n ìmọ̀yàtọ̀: sẹ́ńsọ̀, ìyẹn pátákó kékeré inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé, àti lẹ́ǹsì. Ti sẹ́ńsọ̀ ò le. Ìlà dúdú kan àti funfun kan gbọ́dọ̀ ní píksẹ́lì 2 ó kéré tán (píksẹ́lì ni àwọn àpótí kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀), láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ máa pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ya òde ní Surulere ti rí i rí, ẹ ya kóòtù onílà wẹ́wẹ́ tí bàbá ìyàwó wọ̀, ẹ délé, ẹ wá bá ìlà búlúù àti pupa tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ tí kò sí lára aṣọ rárá.

Ti lẹ́ǹsì làwọn tó ń ra fóònù ní Computer Village kì í béèrè. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ihò lẹ́ǹsì kọjá máa ń fọ́n ká díẹ̀, bó ti wù kí gíláàsì náà dáa tó. Ẹ fi mákà bọ́ọ̀dù tọ́ àmì sínú ìwé gíráàfù, kẹ́ ẹ wá máa fa ìlà ìwé náà wẹ́wẹ́ sí i: ẹnu mákà ò ní tín-ín-rín torí ìyẹn, àpótí tó ń kùn lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pọ̀ sí i. Ẹnu mákà ni àmì ìmọ́lẹ̀ lẹ́ǹsì, àpótí ni píksẹ́lì. Lẹ́ǹsì fóònù f/1.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ ni ihò ń kéré), àmì ìmọ́lẹ̀ gíríìnì ẹ̀ fẹ̀ tó bíi 2.4 máíkírọ̀n (máíkírọ̀n kan ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan), bẹ́ẹ̀ píksẹ́lì ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ 108 mẹ́gápíksẹ́lì (ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 108) ò ju nǹkan bíi 0.8 lọ. Fóònù náà fúnra ẹ̀ sábà máa ń ṣù píksẹ́lì 9 pọ̀ ṣe ẹyọ kan, ó di 12 mẹ́gápíksẹ́lì, ẹni tó ta á fún yín ò ní sọ ìyẹn. Kámẹ́rà ńlá náà ò bọ́ o, ẹ ti ihò lẹ́ǹsì dé f/16, àmì á fẹ̀ tó 21 máíkírọ̀n, bíi píksẹ́lì 5 lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní full frame tó jẹ́ 45 mẹ́gápíksẹ́lì.

Abbe, onímọ̀ físíìsì, ti sọ̀rọ̀ yìí ní Jámánì lọ́dún 1873 nípa máíkírósíkópù, Rayleigh, onímọ̀ físíìsì ará Gẹ̀ẹ́sì, náà gbé tiẹ̀ dé lọ́dún 1879, ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà tí àwọn méjèèjì fi ń ṣírò ibi tí ìlà méjì ti ń di ẹyọ kan, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn tó ráyè.